Ibi Tí Bàbá Kò Lọ

Bí àgbàlagbà bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó máa ń wù mí kí n parọ́. Bí mo bá ní ìkànnì orí ayélujára ni mò ń kọ́, wọn á ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọn á sì na fóònù wọn sí mi pé kí n bá àwọn wò ó, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́. Tẹ́lẹ̀, inú ló máa ń bí mi. Onínúfùfù ni mí, ìyá mi mọ̀, àwọn tí mò ń ṣiṣẹ́ fún náà mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀rọ̀ Bàbá Àgùdà tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ló ń tì mí dípò kí inú bí mi. Mo ń gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, mo ń wò ó dáadáa, mi ò sì ń la ẹnu mi kí n tó wò ó tán.

Yàrá kan ni mo háyà ní Yábàá, lókè ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Inú yàrá yẹn ni mo ti ń kọ́ ìkànnì fún ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oògùn, àti ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Mùṣín. Èmi kì í kọ kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò fẹ́ tètè kú. Irinṣẹ́ kan wà tí gbogbo ayé ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó tàbí tó fẹ́ tún un ṣe. Bí o bá ti gbé e sórí ayélujára, bí ẹni pé o ti ní ilé tó ti ní òrùlé ni, ó ku kí o kùn ún, kí o sì to àga sí i. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ti ṣe àfikún rẹ̀ sílẹ̀ tí o lè so mọ́ ọn: èyí tó ń to àwòrán, èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọlé, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn. Ọ̀pọ̀ nínú àfikún wọ̀nyí jẹ́ ọ̀fẹ́, díẹ̀ jẹ́ rírà. Kíkọ́ ìkànnì kò le. Ìtọ́jú rẹ̀ ló le, nítorí pé ìtọ́jú kò ní àṣehàn. Bí o bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan.

Lára àwọn tí mò ń bá tọ́jú ìkànnì ni Àlàájà kan tó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àgùdà. Ìwé àti kéwú ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Àlàájà àti ọkọ wọn, wọ́n sì ti ń gbé Súrùlérè kí ìyá mi tó bí mi. Bàbá ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ yìí, èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, wọ́n á gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àwọn ọmọ á sì máa kí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọmọ tó bá kí Bàbá dáadáa á gba súìtì kan. Èyí tí kò kí wọn dáadáa náà á gba súìtì, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ padà sẹ́yìn lọ tún un kí.

Àlàájà fẹ́ kí àwọn òbí máa gbọ́ ohùn ọmọ wọn lórí ìkànnì bí wọ́n ṣe ń ka kéwú. Ẹni tí èyí dùn mọ́ jù lọ ni Bàbá. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tẹ líǹkì tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á máa gbọ́ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. "Èyí tó ń sáré ka Fátíhà bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n," ni Bàbá máa ń wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Wọn kì í fi fóònù náà ṣe ju èyí lọ, àfi bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọ wọn tó wà ní Kánádà sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Àfikún tó dára jù fún irú ohùn yìí, rírà ni. Èmi kò rà á. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yábàá ní gúrúùpù kan lórí fóònù, níbi tí ẹnìkan ti máa ń gbé àwọn àfikún rírà tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síta fún gbogbo wa. A kì í pè é ní olè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ju ti ohùn yẹn síbí," lẹnìkan á kọ, ẹlòmíràn á jù ú síbẹ̀, a ó sì fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé dúpẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ṣebí ọ̀fẹ́ náà ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ so ó mọ́. Mi ò bi ara mi pé ta ló jókòó já kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí ló sì fẹ́ gbà fún làálàá rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ jáde ketekete, Àlàájà dúpẹ́, mo sì kọjú sí iṣẹ́ mìíràn.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí ni Àlàájà pè mí.

"Ẹnjiníà mi, nǹkan kan ń jáde lórí wẹ́ẹ̀bù wa yìí o."

"Irú nǹkan wo, mà?"

"Nǹkan tí kò dáa."

"Ṣé kì í ṣí ni, mà?"

"Ó ń ṣí. Ohun tó ń ṣí gan-an ni mò ń sọ."

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n wúkọ́, wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀. Nígbà tí mo tún bi wọ́n, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bá wà nítòsí. "Àwọn obìnrin tí kò wọṣọ. Bàbá ló gbé fóònù wọn wá fi hàn mí."

Mo ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà mi, ó mọ́. Mo ṣí i lórí fóònù mi, ó mọ́. Mo ní kí Àlàájà ṣí i lórí fóònù tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń gbé àwòrán àwọn ọmọ sórí ìkànnì, wọ́n ní ohun tí àwọn rí kò ju àwòrán àwọn ọmọ lọ. Inú ti ń bí mi nígbà yẹn. Ìkànnì ẹlẹ́táyà ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì parí, ọkùnrin náà sì ti ń pè mí láti àárọ̀. Mo wọ bàtà, mo gba Àgùdà lọ pẹ̀lú ìbínú.

Lókè ilé ìwé náà, nínú pálọ̀ ibi tí òun àti Àlàájà ń gbé, Bàbá fi fóònù wọn lé mi lọ́wọ́. "Bá mi wò ó, ọmọ mi. Ohùn àwọn ọmọ ni mo tẹ̀, ohun mìíràn ni mo rí."

Mo tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ ló jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ náà ló jáde.

"Àárọ̀ yìí ló ṣe é," ni Bàbá wí. "Bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kì í tún ṣe é mọ́ títí di ọjọ́ kejì."

Ẹni tó bá fara balẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ì bá ti dúró lórí gbólóhùn yẹn. Èmi kò dúró. Mo rẹ́rìn-ín, mo yíjú sí Àlàájà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

"Àlàájà, ìkànnì yín mọ́ tónítóní. Lórí tèmi, ó mọ́. Lórí tiyín, ó mọ́. Irú nǹkan báyìí, ibi téèyàn bá ń lọ lórí fóònù rẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé e bọ̀. Bí ẹ bá wo bàtà lónìí, bàtà náà ni wọ́n á máa gbé wá bá yín lọ́la."

Àlàájà wo Bàbá. Bàbá wo fóònù ọwọ́ mi.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Bàbá bi mí.

"Ó dá mi lójú, sà."

Mo wá ṣẹ́jú sí wọn. Èmi tí àbígbẹ̀yìn wọn jù lọ lọ́jọ́ orí, mo ṣẹ́jú sí Bàbá bí ọkùnrin ṣe ń ṣẹ́jú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. "Ẹ rọra máa ṣe é o, Bàbá," mo ní, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ bó ṣe fọ́, ebi ló ń pa mí.

Nígbà tí mo tún padà lọ síbẹ̀ láti ya àwòrán àwọn ọmọ, àga Bàbá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mégáàdì ló dúró síbẹ̀, kò sì ní súìtì. Mo béèrè Bàbá lọ́wọ́ Àlàájà, wọ́n ní, "Wọ́n wà lókè." Mo rí fóònù Bàbá lórí tábìlì ọ́fíìsì wọn, wọ́n ti pa á. Àlàájà rí i pé mò ń wò ó. "Fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì ti tó wọn," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bá àwọn yọ àwòrán kan kúrò lórí ìkànnì, èyí tí Bàbá ti jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, tí ọ̀kan nínú wọn gbára lé orúnkún wọn.

"Kí ló dé, mà? Àwòrán yẹn dáa."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n," ni Àlàájà dá mi lóhùn, wọn kò sì wo ojú mi.

Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n sọ kò yé mi. Ó yé mi. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kì í ṣe tèmi. Mo wọlé sí ìkànnì, mo yọ àwòrán náà, mo kí Àlàájà pé ó dàbọ̀.

Ìyá mi ń gbé ní Ìpọ̀nrí, nínú ẹ́sítéètì. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, wọ́n ń ta ike ní Ọ̀yìngbò, wọ́n sì ń kọrin nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mò ń jẹ ìrẹsì, Màmá sì ń sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ ní ìkànnì tiwọn. Àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ olóyè kan. Màmá kò gbà. "Mo ní ọmọ tèmi náà ń ṣe é. Fi ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi kí n fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ti ilé ìwé Àgùdà ló rẹwà jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, òun ni mo fi ránṣẹ́. Màmá wo fóònù wọn láti inú awò ojú, wọ́n tẹ líǹkì náà. Mo ń jẹun lọ, mò ń retí kí wọ́n yìn mí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Màmá ti yọ awò ojú wọn, wọ́n ti da fóònù náà dé sórí apá àga, wọ́n sì ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Ṣé irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Yábàá nìyí?" ni wọ́n bi mí.

Mo mú fóònù náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀, kò wọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sì ń tàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe èmi."

"Ta wá ni? Ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí mi."

"Fóònù yín ni, Màmá. Irú nǹkan báyìí, ibi téèyàn..."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyá mi ló jókòó síwájú mi, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí wọn. Kò sí bí mo ṣe lè sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n ń lọ ló tẹ̀lé wọn wálé. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún wọn lójú mi, màá gbá a létí. Àṣé mo lè sọ ọ́ fún bàbá ẹlòmíràn, kí n sì ṣẹ́jú lé e. Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí.

Mo yọ fóònù mi, mo jáde kúrò nínú àṣẹ tí mo ní lórí ìkànnì náà, mo wá ṣí i bí àlejò lásán. Àwọn obìnrin náà jáde. Mo tún ṣí i, wọ́n ti lọ, àwọn ọmọ ló kù. Ọgbọ́n tí ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ àfikún náà dá nìyí. Àfikún náà á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ń bọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ní àṣẹ lórí ìkànnì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ àlejò, á gbé e lọ síbi tí kò fẹ́ lọ, lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, kí onítọ̀hún lè rò pé ọwọ́ òun ló ṣì í tẹ̀. Èmi ní àṣẹ. Àlàájà ní àṣẹ. Bàbá kò ní.

Kọ̀ǹpútà mi wà nínú báàgì. Mo gbé e sórí tábìlì ìjẹun Màmá, mo yọ àfikún náà kúrò, mo wá àwọn fáìlì rẹ̀ tó fi pamọ́ sáàárín àwọn fáìlì tòótọ́, tó fún wọn ní orúkọ tí kò lè mú èèyàn fura. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo gba irinṣẹ́ náà ní tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, mo pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé. Àfikún ohùn kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́ ni mo fi rọ́pò èyí tó lọ. Kò dán tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Màmá jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo parí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ojú tí mo ṣẹ́.

"O ṣẹ́jú sí àgbàlagbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Màá pè wọ́n."

"Pè wọ́n kẹ̀? Ṣé orí fóònù lo ti bà á jẹ́ ni? Ẹsẹ̀ lo fi gun òkè ilé wọn lọ bà á jẹ́, ẹsẹ̀ náà ni wàá fi lọ tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Mọ́ńdè, mo dúró kí àwọn ọmọ lọ sílé tán kí n tó dé Àgùdà. Bàbá wà ní pálọ̀, wọ́n jókòó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí kò sí iná nínú rẹ̀. Àlàájà wà lórí àga kejì. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì dìde. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kì í wá nígbà téèyàn bá ń wá a. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń sọ̀rọ̀, inú kápẹ́ẹ̀tì náà ni ọ̀rọ̀ náà sì ń wọ̀.

"Dìde jókòó," ni Àlàájà wí, "kí n lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

Mo jókòó, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ibi tí mo ti rí àfikún náà, mo sọ bó ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó sá fún. Àlàájà gbọ́ mi dópin.

"Ó wá jẹ́ pé ojú kan ló ń fi hàn èmi, ojú mìíràn ló ń fi hàn Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ lo sì gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Mo ń retí èébú. Ì bá tù mí lára. Àlàájà dìde, wọ́n lọ gbé omi tútù wá fún mi nínú ife, nítorí pé àlejò ni mí, wọ́n sì padà jókòó. Ife kan ṣoṣo ni. Mo ní kí Bàbá kọ́kọ́ mu, Bàbá mirí pé rárá.

"Wọ́n ń gbààwẹ̀," ni Àlàájà wí.

Mo wò wọ́n. Kì í ṣe oṣù ààwẹ̀.

"Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeé," ni Àlàájà tún wí, ohùn wọn ti ń yí padà. "Láti ọjọ́ tí o wá."

Ìgbà yẹn ni Bàbá tó sọ̀rọ̀. Wọ́n rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà ilé fún àlejò. "Ìwọ lo ní ibi tí mò ń lọ ni. Mo ronú títí, mi ò rántí ibi tí mo lọ. Mo ní ìwọ lo mọ nǹkan yìí, èmi ò mọ̀ ọ́n, bóyá ìka mi ló lọ tí ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlàájà. Mo wá ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè fi èyí tí mi ò mọ̀ jì mí."

Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Mo ti múra sílẹ̀ fún bàbá tí inú ń bí, mi ò múra sílẹ̀ fún èyí tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Mo gbé ife omi náà sílẹ̀.

Àlàájà fi etí ìborùn wọn nu ojú. "Wọ́n tọrọ àforíjì, mo sì gbà á," ni wọ́n wí. "Mo jókòó síbí, mo gbà á."

Bàbá kò wò wọ́n. Èmi ni wọ́n ń wò. "Ṣé ó dá ọ lójú pé mi ò lọ?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ohun tí o sọ nígbà yẹn náà nìyẹn."

Kí ni mo fẹ́ fi búra fún wọn? Àlàájà ló gbé fóònù wọn, wọ́n sì fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn òbí. Wọ́n sọ pé àṣìṣe kan wà lórí ìkànnì ilé ìwé, pé ó ń gbé nǹkan ìtìjú jáde, pé wọ́n ti tún un ṣe, kí àwọn òbí má bínú. Wọn kò dárúkọ mi. Kò pẹ́ tí fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá ọmọ kan ní òun ti rò pé fóònù òun ni, òun sì ti gbé e lọ fún ẹni tó nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá kan ní òun ti na ọmọ òun ọkùnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nítorí rẹ̀. Tíṣà kan ní òun rí i, òun ò kàn mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń dé ni Àlàájà ń kà wọ́n sókè. Gbogbo wọn ló ti rí i. Kálukú gbà pé òun nìkan ni, ó sì fi pamọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbé fóònù rẹ̀ jáde, tó ní ẹ wá wo ohun tí mo rí, òun náà la sì dá lẹ́bi. Bàbá ń gbọ́, wọ́n ń mi orí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn wọn sì ń nà díẹ̀díẹ̀ lórí àga.

Mo dá àwòrán Bàbá padà síbi tó wà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, nítorí pé irinṣẹ́ yẹn máa ń tọ́jú bí ojú ewé ṣe rí tẹ́lẹ̀, bí o bá fẹ́ kí ó padà, ó máa padà. Àlàájà lọ gbé fóònù ńlá náà wá, wọ́n tàn án, wọ́n fi ọwọ́ méjì gbé e fún ọkọ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un. Mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí mọ́ṣáláṣí igun òpópónà pe ìrun àṣálẹ́, Bàbá fi dàbínù ṣínu, wọ́n sì na méjì sí èmi náà. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó gbààwẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, Bàbá ní kí n bá àwọn ṣí ohùn àwọn ọmọ. Mo ní, "Ẹ ṣí i fúnra yín, sà, kí ẹ lè rí i pé ó ti mọ́."

Bàbá na fóònù náà jìnnà sí ara wọn, wọ́n wá líǹkì náà kàn, wọ́n gbé ìka lé e. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí ojú wọn sí ògiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn nà síta, títí ọmọ tó ń sáré ka Fátíhà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú padà.

Àga ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, súìtì náà ti padà. Mo ṣì ń tọ́jú ìkànnì wọn. Àlàájà kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá tètè dé síbẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ àwọn ọmọ lórí àga wọn. Wọ́n ṣì ń yí ojú kúrò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, pé wọ́n lè máa wò ó.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá wí, ojú wọn ṣì wà lára ògiri.